Àìsàn Tó Fúnra Rẹ̀ Lọ, Ta Ló Wò Ó Sàn?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Ọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe. Ojú kọ̀ǹpútà náà ń ṣẹ́ bí ojú ẹni tí iyanrìn kó sí: á tàn, á ṣú, ìlà funfun á là á já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Atúnkọ̀ǹpútàṣe tú u palẹ̀, ó nu ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó tún un tò. Nígbà tó tàn án, ojú mọ́ kedere. Oníbàárà ní, "Kí ló ṣe é?" Ó ní, "Sà, mi ò mọ̀." Ṣé kí ọkùnrin yìí sanwó àbí kó má san?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níléeṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan tí iná ò sí, ariwo sì ta. Ọ̀pọ̀ ló ní kó má fún un ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe aláìsàn kò lè ní òun lòun wò ó. Àgbà kan láàárín wa wá béèrè pé, "Tó bá ti purọ́ ńkọ́? Tó bá ní wáyà kan ló jó, òun sì ti pààrọ̀ rẹ̀?" Gbogbo wa dákẹ́. A mọ̀ pé à bá sanwó, à bá tún dúpẹ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí.

Ẹ má rò pé ẹni tó ní òun ò mọ̀ kò ṣiṣẹ́ o. Ojú kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní LCD, kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Iná kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí iná yẹn bá kú, àwòrán ṣì wà níbẹ̀, òkùnkùn ló bò ó. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú tó ṣú, bóyá yóò rí òjìji lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, á so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá mọ́ níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ọpọlọ ẹ̀rọ kò lẹ́bi. Ojú fúnra rẹ̀ ni kí a wò, tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ibi tí ìdérí ti ń ṣẹ́ po kọjá. Ojoojúmọ́ tí a bá ń ṣí i tí a ń pa á dé là ń lọ́ wáyà yẹn. Bí ẹnu rẹ̀ bá tú díẹ̀, ojú á máa ṣe ségesège. Bí ọwọ́ bá kàn án tó sì jókòó dáadáa, ó tán, àìsàn ti lọ láìfi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ṣé wáyà ni? Ṣé eruku ni? Ṣé RAM tó yọ tó tún tì bọ̀ ọ́ ni? Ohun mẹ́ta ló ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kó búra lé lórí?

Èyí tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti òòfà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àgbélétan ló ní òòfà kékeré nínú ìdérí, tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé wọ́n ti pa òun dé, kí òun sùn. Bí ẹ̀gbà ọwọ́ tó ní òòfà bá sún mọ́ ibẹ̀, tàbí tí a gbé kọ̀ǹpútà kan lé òmíràn, ojú lè ṣú lójijì. Bí o bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe láìmú ẹ̀gbà dání, kò sóhun tó ṣe é! Irú èyí làwọn kan fi ń fura sí ìyá ọkọ wọn.

Lọ́dún 1947, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá kan, Mark II, bá àfòpiná kan tó há sínú rẹ̀. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn. Oríire ni tiwọn. Ìgbà mélòó ni ọ̀daràn máa ń dúró de ọlọ́pàá?

Ojú kọ̀ǹpútà tèmi náà ti yọ mí lẹ́nu rí. Ọmọkùnrin kan lọ́jà kọ̀ǹpútà ní Ìkejà lo ọ̀sán kan gbáko lórí rẹ̀. Ó dáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tàn, àmọ́ mi ò lè sọ pé mo rí ohun tó ṣe é. Tó bá tún ṣe é, ẹ gbé e padà wá." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò mọ ọjà á tà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ní òun ò mọ̀, mo ra fúláàṣì, mo sì kó gbogbo iṣẹ́ mi sí i lóru ọjọ́ náà. Ká ní ó ti parọ́ wáyà tó jó fún mi ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ kí n gbọ́kàn lé. Irọ́ náà ì bá gbowó lọ́wọ́ mi, ì bá sì tún gba ìṣọ́ra mi.

Mo mọ̀ pé "mi ò mọ̀" ti ọ̀lẹ wà. Ẹni tí kò tíì tan tọ́ọ̀ṣì, tí kò tíì so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan, tó ní òun ò mọ̀, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sáà bi í pé kí ló wò. Ti ọmọkùnrin Ìkejà, ó ka gbogbo ohun tó wò fún mi, ó sì ka èyí tí kò ní irin iṣẹ́ láti wò.

Ṣé àwọn òpùrọ́ yẹn ló burú jù, àbí àwa tí a máa ń sanwó fún wọn? Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá rí i pé òtítọ́ ń febi pa òun, irọ́ sì ń bọ́ ọmọ òun, kí la fẹ́ kó ṣe?

Bó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, màá ní kí ọkùnrin yẹn san owó ọ̀sán tí wọ́n lò, kó má san kọ́bọ̀ fún ohun tí wọn kò pààrọ̀. Akọ̀wé owó wa níléeṣẹ́ kò gbà títí dòní. Ó ní òun ò mọ orúkọ tí òun fẹ́ kọ sí rìsíìtì irú owó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó àyẹ̀wò.