Jéhù Wà Lójú Pópó

Ibi kíkà: Àwọn Ọba Kejì 9:16-20, Ẹ́kísódù 21:28-29



Olùṣọ́ tó wà ní Jésírẹ́ẹ̀lì kò tíì rí ojú Jéhù tó fi mọ̀ pé òun ni. Eré àsápajúdé tó ń sá ló fi dá a mọ̀. Àwa ará Akówọnjọ kò nílò olùṣọ́ kankan láti fi irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn wá.

Lọ́jọ́ kan mo wọ dáńfó ní Dọ̀pẹ̀mú, mò ń bọ̀ wálé. A kò tíì rìn jìnnà tí dẹ́rẹ́bà fi gba wọ́nwéè nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òórùn ògógóró gba inú ọkọ̀ kan. Èmi tí mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n tó sọdá, mo panu mọ́. Mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù nínú, ẹnu mi kò ṣí, kí wọ́n má baà ní àsọjù ìyá yìí ti pọ̀. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan tó fi ìborùn borí ló kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí síbí, mo ní ìyá nílé!” Ìgbà náà ni gbogbo ọkọ̀ tó gbè é lẹ́yìn, tí dẹ́rẹ́bà sì padà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ojú tì mí, ẹ̀yin ará.

Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n Olúwa wa kò bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì, bí a tilẹ̀ ṣèlérí áńgẹ́lì fún un (Mátíù 4:5-7). Ẹni tó pọn ọmọ, tó ṣe ẹnì kẹta lórí ọ̀kadà láìdé akoto, orí tẹ́ńpìlì ló dúró sí yẹn.

Láti 1988 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2022 tí ìjọba Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn. Ọwọ́ wa ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kù sí.

Ẹ padà sí Ẹ́kísódù. Màlúù tó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá kàn pa wà lọ́rùn olówó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn kan nínú wa ló ni dáńfó, àwọn mìíràn ra ọ̀kadà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n. Iye tí yóò mú wá lálẹ́ la máa ń bi í, a kì í bi í bóyá búrékì ń mú. Bí owó tí a bù lé e bá ju ohun tí ojú ọ̀nà lè pa lọ, báwo ni kò ṣe ní sáré? Bí ó bá sì ń mu paraga láàárọ̀, tí àwọn aládùúgbò ti wá sọ fún wa, a ti gba ìkìlọ̀ nìyẹn.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, 122 ni nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. 112 tàbí 767 ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé orin yín. Ibẹ̀ ni mo kọ tèmi sí.