Nínú Ewu Méjì, Èwo Ni Kí Ènìyàn Yàn?

Àwọn baba wa fi òwe méjì sílẹ̀ fún wa, tí ó dàbí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n sì tún ní láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì yóò ká a mọ́. Òwe èkínní kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe gba ìwòsàn tí ó burú ju àrùn lọ; èkejì kìlọ̀ kí a má ṣe káwọ́ gbera títí ewu yóò fi borí wa. Òtítọ́ ni òwe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan a máa dé tí ẹnì kan ṣoṣo yóò gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì yóò sì lè tẹ̀ lé ọ̀kan láì kọ èkejì sílẹ̀. Nípa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, a ó sì mú àpẹẹrẹ wa láti ara àìsàn kan tí í máa wà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí.

Àìsàn náà ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní aneurysm. Gẹ́gẹ́ bí tiúbù kẹ̀kẹ́ ti í máa wú jáde ní ibi tí rọ́bà rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ a máa di aláìlágbára ní ojú kan, ipá ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré kọjá níbẹ̀ a sì máa tì í síta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àpò. Nínú àgbàlagbà 100, bí ẹni 3 ni ó ní irú àpò bẹ́ẹ̀ nínú orí. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò gbé e dé ibojì láì mọ̀ rárá, nítorí pé kékeré ni, kì í sì í bẹ́. Èyí tí ó tóbi ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò tú yí ọpọlọ ká, orí yóò sì fọ́ ẹni náà lójijì, lọ́nà tí kò fọ́ ọ rí. Nínú àwọn tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, bí ìdámẹ́ta ni ó ń kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sì kù ni kì í padà sí ipò wọn àtijọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́bìnrin kan, ẹni ọdún 54, tí ó yọ̀ ṣubú ní àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí pé ó fi orí gbá ilẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀. Ìṣubú náà kò ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwòrán fi àpò kan hàn lára iṣan tí ó wà níwájú ọpọlọ, ìbú rẹ̀ sì tó mìlímítà 15. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ara rẹ̀ le. Ní ìrọ̀lẹ́ ara rẹ̀ le bákan náà. Ohun tí ó mọ̀ nìkan ni ó yí padà. Ọkọ rẹ̀ wí pé, “Ìyá Délé, ohun tí kò dùn ọ́, kí ni o fẹ́ fi ọwọ́ kàn án sí?” Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí ó tó ṣe yín ní jàǹbá.” Àwọn méjèèjì ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ti fi ojú rí. Ní ọdún 2003 àwọn dókítà Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn 4,060 ènìyàn tí wọ́n ní irú àpò yìí tí kò tíì bẹ́. Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ láì tọ́jú, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ní ti àwọn tí àpò wọn wà ní iṣan iwájú, tí òmíràn kò sì tíì bẹ́ fún wọn rí, èyí ni ohun tí a retí kí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 5: bí àpò náà bá wà láàárín mìlímítà 7 sí 12, bí 3 nínú 100 ni yóò bẹ́; bí ó bá wà láàárín 13 sí 24, bí 15 nínú 100; bí ó bá tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 40 nínú 100. Ní iṣan ẹ̀yìn ewu náà pọ̀ jù báyìí lọ, débi pé nínú àwọn tí ó tóbi jù, ìdajì ni yóò bẹ́. Nítorí náà bí ẹni 7 tí ó dàbí olùkọ́bìnrin wa bá dúró láì gba ìtọ́jú, kí a retí pé ti ẹnì kan nínú wọn yóò bẹ́ kí ọdún 5 tó pé, ti àwọn 6 yòókù kì yóò sì bẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Èkínní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1937, nígbà tí Walter Dandy, ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ṣí egungun orí aláìsàn kan, tí ó sì fi ẹ̀mú fàdákà kékeré dè ọrùn àpò náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi nǹkan há aṣọ mọ́ okùn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wọ inú rẹ̀ mọ́. Èkejì ni ti Guido Guglielmi, ará Ítálì, tí a kọ́kọ́ lò fún aláìsàn ní Los Angeles ní ọdún 1990: a kì í ṣí orí, ojú iṣan itan ni a ń gbà ki ọ̀pá rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi dé inú orí, a ó sì fi wáyà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dí inú àpò náà. Bí àpò bá tóbi, wáyà yìí a máa rọ̀ sẹ́yìn nígbà mìíràn, ẹnu àpò a sì tún ṣí. Nítorí èyí ni a ṣe wá ọ̀nà kẹta, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ní ọdún 2011: ihò irin tí a hun bí ìgèrè apẹja ni a ń tẹ́ sínú iṣan gan-an, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá, kí àpò ẹ̀gbẹ́ sì gbẹ. Aláìsàn yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún oṣù mélòó kan.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ewu tirẹ̀. Nínú ìròyìn ọdún 2003 kan náà, nínú 100 tí a ṣí orí wọn, nígbà tí ọdún kan pé, bí 13 ni ó ti kú tàbí tí ara tàbí iyè wọn kò pé mọ́. Nínú àwọn tí a gba ojú iṣan tọ́jú, bí 10. Ó burú sí i fún ẹni tí ó ti kọjá ọdún 50 tí a ṣí orí rẹ̀, àti fún ẹni tí àpò rẹ̀ tóbi. Ní ti ọ̀nà kẹta, ìròyìn kan tí ó jáde ní ọdún 2013 nípa àwọn bí 108 tí àpò wọn tóbi fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 6, àpò bí 74 nínú 100 ti dí pátápátá. Ṣùgbọ́n bí 6 nínú 100 ni àrùn rọpárọsẹ̀ ńlá kọlù tàbí tí ó kú.

Ẹ kíyèsí i bí òṣùwọ̀n náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: ẹnì kan nínú 7 ní ìhà kan, bí ẹnì kan nínú 8 tàbí 10 ní ìhà kejì. Ṣùgbọ́n àkókò wọn kò dọ́gba. Ewu ìtọ́jú a máa dé púpọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ewu dídúró a máa pín ara rẹ̀ sí ọdún púpọ̀, kì í sì í parí ní ọdún karùn-ún. Ẹni ọdún 30 tí ó ní ọdún púpọ̀ níwájú lè rí i pé ó sàn kí òun san gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni ọdún 78 lè wí pé, “Ọdún díẹ̀ tí ó kù fún mi, ẹ jẹ́ kí n fi ara líle lò ó.” Ìṣirò kan náà ni, ìdáhùn méjì ni, kò sì sí òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ṣe nǹkan tí ó sì yọrí sí ibi, ọwọ́ wa ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó tí ibi sì wọlé wá, àyànmọ́ ni, a kò sì ní ẹ̀bi. Èrò yìí a máa tu ọkàn lára, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ẹni tí ó ti rí i pé ògiri yàrá òun sán, tí ó sì sùn síbẹ̀, ti yàn láti sùn síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìpinnu rẹ̀ dára, bí òjò bá ń rọ̀ tí wíwó ògiri náà yóò sì mú òrùlé wá sórí àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpinnu ni, ó sì yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó gbé ibùsùn rẹ̀ jìnnà sí ògiri, kí ó sì máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá yàn láti dúró kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kí ó máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, kí ó sì padà lọ ya àwòrán ní ìgbà tí a dá fún un.

Àwọn mìíràn wí pé ẹni tí ó lọ sábẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí nǹkan kan kò tíì dùn ún kò ní ìgbàgbọ́. Kí àwọn wọ̀nyí rántí ọkùnrin inú òwe Olúwa wa tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́. Ìṣirò tí ó jókòó ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni a gbóríyìn fún. Ẹni tí ó gbàdúrà lè ṣírò pẹ̀lú.

Ta ni yóò wá pinnu? Ní ọdún 2006 àwọn dókítà kan ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan nínú èyí tí ìbò yóò sọ ẹni tí a ó tọ́jú àti ẹni tí a ó fi sílẹ̀, kí a lè mọ èyí tí ó sàn jù. Wọ́n ń retí 2,000 ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. 80 péré ni wọ́n rí, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 2009. Ó nira fún ènìyàn láti fi irú ọ̀rọ̀ yìí lé ìbò lọ́wọ́, ó sì nira fún dókítà láti gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín wa, ohun tí a kò jẹ́ fi fún ìbò, a máa ń fi fún mọ̀lẹ́bí. Àwọn ẹbí a pàdé, wọn a bá dókítà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn a sì pa á mọ́ fún aláìsàn, wọn a ní, “Kí ẹ̀rù má bàa bà á.” Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n olè ni, nítorí wọ́n jí ìpinnu tí ó tóbi jù lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Orí tirẹ̀ ni. Olùkọ́bìnrin wa nìkan ni ó mọ ohun tí ohùn rẹ̀ jẹ́ fún un nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì mọ̀ bóyá òun lè máa sùn ní òru pẹ̀lú ohun tí òun mọ̀.

Ojúṣe dókítà ni kí ó sọ òtítọ́ fún un ní èdè tí ó yé e, kí ó sì sọ iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ibi tí a bá ti ń ṣe é nígbà gbogbo ni ọwọ́ ti máa ń mọ̀ ọ́n jù. Ní ilẹ̀ wa, láti ọdún 1962 tí Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, ẹni tí ó kọ́kọ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ti dé Ìbàdàn, a ti ní ẹni tí a lè bi ní irú ìbéèrè yìí ní èdè wa. Kí a máṣe tijú láti béèrè. Ojúṣe àwọn ará ilé sì ni kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sọ èrò wọn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì dúró tì í.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì mú wa kọ ìwé yìí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó lè yàn dáradára kí ó sì rí ibi. Ó lè lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, kí ó jí, kí ohùn má jáde mọ́. Ó lè dúró, kí àpò náà sì bẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ náà ni àwọn kan yóò mi orí wí pé, “A ti sọ fún un.” Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí burú. Bí 13 nínú 100 bá rí ibi, àwọn 13 náà kò gbọ́n kéré sí àwọn 87. Ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn gbà. Bí a bá mọ̀ ọ́n gún, tí a mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà kì í ṣàì lẹ́mọ. Ohun tí a lè bi ẹnikẹ́ni ni pé: Ǹjẹ́ o wádìí? Ǹjẹ́ o fi òtítọ́ wọ̀n ọ́n? Ǹjẹ́ o rántí àwọn tí ó gbára lé ọ? Ẹni tí ó bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe gbogbo ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, bí ó tilẹ̀ ṣubú.

Nítorí náà, bí o bá mọ opó kan tí ó ń sunkún ní òru pé òun ni òun gba ọkọ òun níyànjú, tàbí pé òun ni òun dá a dúró, lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí. Má ṣe bá a tún ìṣirò náà ṣe. Jókòó tì í, kí o sì sọ fún un pé ewu méjì ni ó wà níwájú wọn, kò sí ọ̀nà kẹta, àti pé ẹni tí ó bá fi ìfẹ́ àti ìmọ̀ yan ọ̀kan nínú wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.