ẸNI TÍ A ṢẸ̀, KÍ NI KÓ ṢE?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu wa: bí ènìyàn bá ṣẹ̀ wá, tí ẹ̀ṣẹ̀ náà sì hàn gbangba, ṣé a kò ní ẹ̀tọ́ láti gbẹ̀san? Ó rọrùn fún ẹni tí a kò ṣẹ̀ láti wí pé, "Fi sílẹ̀ jàre." Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú ènìyàn mẹ́ta wá síwájú yín láti inú àwọn eré orí ìtàgé àtijọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ṣẹ̀ lóòótọ́.

Èkíní ni Medea. Euripides ará Gíríìkì ló kọ eré rẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní ìlú Athens ní ọdún 431 ṣáájú ìbí Jésù. Obìnrin yìí fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Jason, ó yọ ọ́ nínú ewu, ó bí ọmọkùnrin méjì fún un. Nígbà tí wọ́n dé Kọ́ríńtì, Jason kọ̀ ọ́, ó fẹ́ ọmọ ọba. Ọba tún lé Medea kúrò nílùú. Ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ó fi aṣọ olóró ránṣẹ́ sí ìyàwó tuntun. Aṣọ náà pa á, ó sì pa ọba tó dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Kí ọkàn Jason lè bàjẹ́ pátápátá, Medea fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ó mọ̀ pé ibi ni kó tó ṣe é. Ìbínú ló borí èrò.

Èkejì ni Shylock, Júù olówó èlé ní ìlú Venice, nínú eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1596 sí 1597. Antonio, Kristẹni oníṣòwò, a máa tutọ́ sí i lára, a máa pè é ní ajá. Lọ́jọ́ tí Antonio nílò 3,000 dúkátì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló wá. Àdéhùn wọn ni pé bí kò bá rí owó san, Shylock yóò gé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan nínú ẹran ara rẹ̀. Kò rí i san. Ní kóòtù, wọ́n fẹ́ san owó náà ní ìlọ́po méjì, Shylock kọ̀. Ni Portia bá ní kó gé e, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kán. Bí ọ̀ràn ṣe yí padà nìyẹn: ọrọ̀ rẹ̀ bọ́, wọ́n sì fi ipá sọ ọ́ di Kristẹni. Kí èyí dun àwa náà, ẹ̀yin ará! Nígbà tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Shylock, wọ́n ń wàásù àánú fún un. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ wọn, àánú wọn kò tó nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé lọ́dọ̀ wọn lòun ti kọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀kẹta ni Prospero, olórí ìlú Milan, nínú eré tí Shakespeare kan náà kọ ní nǹkan bí ọdún 1611. Àbúrò rẹ̀ àti ọba Naples gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n gba ipò rẹ̀, wọ́n gbé òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sínú ọkọ̀ jíjẹrà lójú òkun. Lẹ́yìn ọdún 12, ìjì kó àwọn ọ̀tá rẹ̀ wá sí erékùṣù tó ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wọ́n. Ariel, ẹ̀mí tó ń sìn ín, ní bí òun bá jẹ́ ènìyàn ni, àánú wọn ìbá ṣe òun. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Prospero lọ́kàn, ó dárí jì wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí: kò sọ pé wọn kò ṣẹ̀ òun. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò rẹ̀ sí i létí, ó sì gba ipò rẹ̀ padà. Ọba tọrọ àforíjì. Àbúrò kò tọrọ. Síbẹ̀ ó dárí jì í.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Kì í ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ Prospero kéré. Ọba Athens ti ṣèlérí ibùgbé fún Medea. Owó ìlọ́po méjì wà níwájú Shylock. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, wọn kò gbà á, nítorí kì í ṣe ohun tó sọnù ni wọ́n ń wá mọ́; ìparun ẹlòmíì ni. Prospero béèrè ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn." Rárá o. Ọjọ́ tí agbára bá dé ọwọ́ wa gan-an ni a ń mọ̀ bóyá a ti dárí jini, àbí àìlágbára ló mú wa dákẹ́.

Nítorí náà, ará, bí wọ́n bá gba ilẹ̀ rẹ tàbí ogún rẹ, béèrè rẹ̀ níwájú àgbà, níwájú ìjọ, níwájú adájọ́ pàápàá. Ìdáríjì kò ní kí o pe irọ́ ní òótọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó jáde nílé, bi ara rẹ pé: ṣé ohun tí mo pàdánù ni mò ń wá, àbí omijé ẹni tó ṣẹ̀ mí? Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó lè béèrè ẹ̀tọ́ láìbéèrè ẹ̀jẹ̀. Àmín.