Iṣẹ́ Tí Kò Fẹ́ Parí

Àwọn àgbà a máa wí pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ní í ṣe oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ilé tí a ti tọ́ mi, kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í gbọ́ òwe yìí. Èmi náà ti fi í bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wí, pàápàá àwọn tí àpilẹ̀kọ wọn fún oyè ọ̀mọ̀wé ti di ẹrù tí wọ́n gbé dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. N kò bi òwe náà ní ìbéèrè kankan rí, àfi ìgbà tí aṣọ ìbora kan sọ mí di aláìsùn.

Aránṣọ ni ìyá mi. Nígbà tí ó papò dà, a bá àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ègé aṣọ ni ó kún inú rẹ̀: ẹtù, sányán, àlàárì, àti àǹkárá oríṣiríṣi, èyí tí ó ṣẹ́ kù lára aṣọ tí ó ti ń rán fún àwọn ènìyàn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ó ti gé púpọ̀ nínú wọn sí onígun mẹ́ta, ó sì ti ń so wọ́n pọ̀ láti fi ṣe aṣọ ìbora fún ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bá kọ́kọ́ bí. Ìlà mẹ́sàn-án ni ó yẹ kí ó jẹ́. Mẹ́rin ni ó rán kí ikú tó dé. Àbúrò mi obìnrin gbé àpótí náà fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ abẹ́rẹ́ dì mú nínú wa. Ẹ bá wa parí ẹ̀." Mo gbà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣèlérí pé kí ọdún náà tó parí ni. Ọdún kẹfà rèé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, nítorí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí lè rò pé àbùlẹ̀ lásán ni. Onígun mẹ́ta mẹ́jọ ni a ó so pọ̀ di onígun mẹ́rin kan, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ṣónṣó gbogbo wọn yóò sì pàdé ní àárín gbùngbùn. Bí a bá wá to àwọn onígun mẹ́rin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn èyí tí ó dúdú yóò lọ gbọọrọ bí eyín ayùn láti etí kan dé èkejì. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aṣọ òfì nípọn, àǹkárá sì fẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ kan náà kì í bá àwọn méjèèjì rẹ́. Aṣọ tí a bá sì gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sí ìhun rẹ̀ a máa fà bí ọwọ́ bá ti kàn án. A ó wọ̀n ọ́n tán ní àárọ̀, yóò ti gùn sí i kí ó tó di ọ̀sán. Àṣìṣe tí kò ju fọ́nrán irun lọ nínú ègé kìíní, bí a bá fi máa dé ìkẹwàá, ó ti tó ìbú ìka. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo rán ìlà karùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo sì tú u. Ní òru ọjọ́ kan, iná mànàmáná ti lọ, àtùpà ni mo ń lò. Ṣónṣó méje pàdé, ìkẹjọ kọ̀. Mo sọ aṣọ náà mọ́ ògiri, mo sì bú u. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi ni ara mi bù máṣọ, nítorí ẹni tí mo ń bú gan-an ni òkú tí ó gbé iṣẹ́ tí ó le tó báyìí sílẹ̀ fún mi láìsí ìlànà kankan.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ohun èlò. Mo ní bí mo bá rí ẹtù tí ó bá ti ìyá mi mu, iṣẹ́ yóò tọ́. Mo fi ègé kan sínú àpò, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ ahunṣọ kan tí wọ́n júwe fún mi. Mo bá a lórí òfì, òwú rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, òkúta sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní òpin. Ó gbé ègé aṣọ mi sókè sí oòrùn, ó yí i padà, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, èyí ò sí mọ́ o. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ran ni, aró èlú ni wọ́n sì fi pa á. Òwú ilé-iṣẹ́ ni tiwa. Mo lè hun èyí tó jọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń hun. Aṣọ ìgbéyàwó ni ó wà lórí òfì, ọjọ́ Sátidé sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òwú já lójú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó so ó, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mo bi í pé ṣé kókó yẹn kò ní hàn.

"Á hàn sí èmi," ni ó wí. "Bí mo bá ń tú gbogbo ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìyàwó á dé ilé ọkọ kí aṣọ tó dé."

Mo ra díẹ̀ nínú ẹtù tirẹ̀, mo sì padà sílé. Nínú ọkọ̀ ni mo ti rò ó pé irú ẹni bí ahunṣọ yẹn ni òwe àwọn àgbà ń bá wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́, ó ní olówó, ó sì ní ojú tí ń wọ̀nà fún un. Ẹni tí ó bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìparí ti da ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo iṣẹ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní New York ṣe àfihàn kan tí ó dá lórí ẹ̀kú egúngún kan ṣoṣo. Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí ni wọ́n ti ṣe é, láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1948. Aṣọ tí a fi ṣe é lé ní 300, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Etí aṣọ bí eyín ayùn kò sì ṣàjèjì lára irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀. (Ìyá mi, tí ó jẹ́ Onítẹ̀bọmi látòkèdélẹ̀, kò ní fẹ́ kí n fi aṣọ ìbora rẹ̀ wé ẹ̀kú eégún, kí ó dárí jì mí.) Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀kú mọ̀ pé a kì í rán an tán. Ìdílé a máa fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ti ń yí po. Èyí tí ó gbó a wà lábẹ́, èyí tí ó ń dán a bò ó lórí. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè ti di èrò ọ̀run kí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì máa fi tirẹ̀ kún un, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé bàbá àgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Bí ẹ bá bi mí pé ọjọ́ wo ni ẹ̀kú ti Brooklyn parí, n ó ní ọjọ́ tí ó kúrò lọ́wọ́ ìdílé ni, nítorí láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó tún lè fi ègé kan kún un.

Mo mọ ohun tí òǹkàwé mi kan yóò sọ. Yóò ní ọ̀lẹ ti rí àwáwí tuntun. Òótọ́ sì ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá sọ fún mi lọ́la pé ẹ̀kú ni àpilẹ̀kọ òun, n ó lé e jáde. Ẹni tí ó ń fi aṣọ kún ẹ̀kú ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tíì parí yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a pa tì, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí mo pa tèmi tì nínú ọdún mẹ́fà yìí pọ̀ ju ìgbà tí mo ṣe é lọ. Ìbínú ni mo fi ń bo ìpatì náà mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kú yìí tí ó ká mi lára jù. Ẹni tí ó ń fi tuntun kún ti àtijọ́ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́. Gbogbo ayé ni ó ń rí i pé ègé yìí kì í ṣe ti àná. Èmi ńkọ́? Mo fẹ́ kí ìlà karùn-ún rí bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ni ó rán an, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ìyá mi dúró sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ẹtù tí kò sí mọ́ kiri. Mo fẹ́ kí aṣọ náà máa purọ́ fún mi pé kò kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tẹ́ ìlà mẹ́rin tí ó rán sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, mo sì wò wọ́n fínnífínní fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú ìlà kejì, ní ọwọ́ òsì, ṣónṣó kan wà tí kò pàdé àwọn yòókù. Ó yẹ̀ ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Ìyá mi rí i, nítorí kò sí ohun tí ojú obìnrin náà kì í rí. Ó rán an mọ́lẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Ìlà kẹfà ni mo wà báyìí. Ẹtù tuntun náà mọ́ ju ti ìyá mi lọ, kò sì sí ẹni tí kò ní rí i. Ọmọ-ọmọ mi, tí ó ti pé ọdún márùn-ún, kò dúró de ìlà kẹsàn-án ní tirẹ̀. Bí ó bá ti wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́ aṣọ náà ni ó ń sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Màmá Àgbà, ibo ni Màmá Ńlá rán an dé?" Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé ojú rírán náà. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì fi hàn mí pé aṣọ náà kò tíì bò wọ́n.