Ẹ̀san Kì í Béèrè Ọ̀rọ̀

Bí ẹni tí o fẹ́ràn bá ń gbẹ̀san lára àwọn tó ṣe é níbi, tó sì jẹ́ pé ìwọ gan-an ni wọ́n rán láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣé wàá bò ó ni àbí wàá tú àṣírí rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì wa ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ka ìtàn ìfẹ́ kan káàkiri lórí fóònù. Nínú ìtàn náà, àwọn olówó kan pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì sin ín ní bòńkẹ́lẹ́. Ọmọbìnrin náà jí padà, ó di fáńpáyà, ìyẹn òkú tí í jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Ó wá ń pa àwọn tó pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán láti mú un kó sínú ìfẹ́ rẹ̀, ó sì dáná sun fáìlì ẹjọ́ náà.

Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní ọkùnrin náà da iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ní ó ṣe dáadáa, torí pé ikú tọ́ sí àwọn tí obìnrin náà pa. Èmi náà wà lára àwọn tó pọ̀ jù yìí. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo délé lọ́jọ́ náà ni mo rántí ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ lágbo ilé wa, ojú sì tì mí fún àtẹ́wọ́ tí mo pa. Ohun tó mú mi yí ọkàn padà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìkan ni èyí. Lóòótọ́, ìwé Dracula tí Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tẹ̀ jáde ní 1897 ló jẹ́ kí òkìkí fáńpáyà kàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà ní òkú tí kì í sùn. A ní àkúdàáyà, tó kú sí ìlú kan tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tó ń tajà. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá dé ibẹ̀ ni yóò pòórá. Àwọn àgbà tún máa ń sọ pé láyé àtijọ́, bí wọ́n bá pa ènìyàn tí a kò mọ ẹni tó pa á, wọ́n á fi ọ̀bẹ sí òkú náà lọ́wọ́ kó lè lọ gbẹ̀san fúnra rẹ̀.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, èyí tó lókìkí jù ni Ayélála, tí àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ń bọ. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn rẹ̀ nìyí: ọkùnrin Ìlàjẹ kan yan ìyàwó olóyè kan ní àlè. Nígbà tí àṣírí tú, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ijaw tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Àwọn yẹn kọ̀, wọn kò fi í sílẹ̀, ìjà sì bẹ́. Nígbà tí ìjà sú tọ̀tún-tòsì, wọ́n fi ẹrúbìnrin kan rúbọ dípò ọkùnrin náà kí ọ̀rọ̀ lè parí. Wọ́n ní “Ayélála” ni obìnrin náà sọ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé rú lójú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn búra. Wọ́n gbà pé ó ń mú olè, òpùrọ́ àti ọ̀dàlẹ̀, àti pé ara ẹni tó bá mú a máa wú títí yóò fi jẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìtàn yìí wò. Ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kú. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn la mọ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí nínú ìtàn tí mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun kí wọ́n tó pa á. Síbẹ̀, òun la wá ń ké pè lónìí pé kó bá wa dájọ́.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ilé wa. Alágbàká ní Àkúrẹ́ là ń gbé, kò sì jìnnà sí Ọ́fíìsì Gómìnà. Ayálégbé pọ̀ nínú ilé náà, kànga kan ni gbogbo wa jọ ń fà. Lọ́dún tó kọjá, owó àjọ tí àwọn obìnrin ilé dá sọnù nínú àpótí ìyá tó ń gbà á. Ó tó 80,000 náírà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé pẹ̀lú àǹtí rẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, òun ló sì máa ń bá ìyá alájọ gbálẹ̀ yàrá. Kò sẹ́ni tó rí i tó mú owó, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń dá. Ẹnìkan ní ká má wulẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé ohun tí a ó ná níbẹ̀ lè ju èyí tó sọnù lọ. Ó ní òun mọ ẹni tí yóò bá wa ké pe Ayélála láti Ìgbókòdá. Wọ́n dáwó, wọ́n sì ránṣẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọ̀rẹ́ mi wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú. Àwọn kan ń bá ara wọn bọwọ́ pé, “Ó ti mú un!” Àǹtí rẹ̀ ní òun kò ní gbé e lọ sílé ìwòsàn àfi tó bá jẹ́wọ́, pé abẹ́rẹ́ òyìnbó kì í wo irú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí fún un. Èmi tí a jọ ń lo kóòmù kan náà, ẹ̀yìnkùlé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kọjá kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Màmá mi kò sí nílé ní gbogbo àkókò yìí. Ọjọ́ tí wọ́n dé láti Ọ̀wọ̀, wọn kò tíì sọ ẹrù wọn kalẹ̀ tí wọ́n fi wọ yàrá ọmọ náà, wọ́n sì jókòó tì í lórí ẹní. Wọn ò bi í bóyá ó jalè. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni wíwú yìí bẹ̀rẹ̀? Ṣé ò ń tọ̀ dáadáa?” Ó ní, “Mà, ìtọ̀ mi ti dín kù, ó sì ń hó bí omi ọṣẹ. Kí owó yẹn tó sọnù ni bàtà ti ń fún mi lẹ́sẹ̀.” Alẹ́ ọjọ́ náà ni màmá mi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní àìsàn kíndìnrín ni, pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ìbá yíwọ́.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: mo mọ̀ nípa bàtà náà. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ṣáájú kí owó tó sọnù tí ọ̀rẹ́ mi ti fún mi, ó ní kò gba òun mọ́. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi pé wíwú náà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ké pe Ayélála, mi ò sì la ẹnu mi.

Ara rẹ̀ ti ń yá báyìí, ó sì ti padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ nílùú Oǹdó. Títí dòní, a kò mọ ẹni tó kó owó náà. Láti ọjọ́ tí ara ọmọ yẹn ti wú ni gbogbo ilé ti ṣíwọ́ wíwá olè. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀san kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ó máa ń mú ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á sì sọ fún wa pé ẹjọ́ ti parí.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní 1892, ní Exeter ní ìpínlẹ̀ Rhode Island lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún kan, Mercy Brown. Ikọ́ náà ló ti pa ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣáájú, ó sì ti wọ ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Edwin. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀kan nínú àwọn òkú ìdílé náà ló ń mu ẹ̀jẹ̀ Edwin. Wọ́n hú òkú, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn Mercy, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì po eérú rẹ̀ fún Edwin mu. Kò pé oṣù méjì tí Edwin fi kú. Bẹ́ẹ̀, láti 1882 ni dókítà ará Jámánì, Robert Koch, ti ṣàwárí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn tó ṣe èyí kì í ṣe ọ̀tá Edwin. Wọ́n fẹ́ kó yè ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìwádìí ni kò sí.

Ẹ fi èyí wé ohun tí Maria Theresa, ọbabìnrin tó ń ṣàkóso Austria, ṣe ní 1755. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ará Moravia ń hú òkú, tí wọ́n ń sun wọ́n pé fáńpáyà ni wọ́n, ó ní kí wọ́n wádìí rẹ̀. Dókítà rẹ̀, Gerard van Swieten, kọ ìwé pé ìdí tó yéni wà tí òkú mìíràn kì í fi í tètè jẹrà. Ọbabìnrin náà sì fòfin de híhú òkú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa. Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ: òfin kì í mú olówó, tálákà kì í rí ẹjọ́ rò, bí obìnrin náà kò bá gbẹ̀san, ta ni yóò gbà á fún un? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé wa kò fi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, n kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú fáìlì tí ọkùnrin náà sun? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà nìkan. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pa á wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n sin ín sí wà níbẹ̀. Ẹni tó dáná sun fáìlì yẹn tún obìnrin náà sin lẹ́ẹ̀kejì ni. Òun náà, bó ṣe ń pa àwọn ọ̀tá rẹ̀, ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ ló ń pa. Bí gbogbo wọn bá kú tán, ta ló kù tí yóò jẹ́wọ́?

Ilé ẹjọ́ wa ní àléébù, mo gbà. Àmọ́ bí adájọ́ bá ṣì ẹjọ́ dá, a ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn, ó sì wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ta ni à ń pe ẹjọ́ Ayélála sí? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀san kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan ṣoṣo náà kó tó dájọ́.

Nítorí náà, èsì mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé n kò ní bò ó, n kò sì ní pa á tì. Màá jókòó tì í, màá bi í léèrè, màá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti ṣe òun náà. Lẹ́yìn náà, màá dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń kà á sétí ayé. Ohun tí màmá mi ṣe lórí ẹní nìyẹn, òun ni mo sì ń pè ní ìfẹ́.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Mo kó bàtà náà dání, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ tí n kò sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní òun kò tíì lè sọ pé òun ti dárí jì mí, pé kí n tún wá nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Màá lọ.