Owó Tí Ó Padà Wá Láti Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa tí kò yẹ kí a dá mọ́ra, nítorí kì í ṣe àwa nìkan ni a ní ilé sí òkè òkun.

Àwa àti baálé wa ní ilé kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a rà ní ọdún 1996 nígbà tí iṣẹ́ gbé wọn lọ síbẹ̀. Ìbàdàn ni a ń gbé báyìí. A kàn ń lọ wo àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńsù a máa gba owó orí lórí ilé. Èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Wọ́n pín àwọn ilé sí ìpele mẹ́jọ, láti A dé H, gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé ìbá tà ní oṣù kẹrin ọdún 1991. Ìkánjú ni wọ́n fi ṣe é. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti wo àwọn ilé mìíràn, wọn kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. (Àwa tí a ti máàkì ìwé ọmọ ogójì lóru ọjọ́ kan rí kò lè bá wọn wí púpọ̀.) Bí wọ́n bá rí àṣìṣe, wọn a dá owó tí ó lé padà.

Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe dé ní 2025. Aládùúgbò kan ti fi ẹjọ́ sùn, wọ́n yẹ gbogbo ilé inú ọgbà náà wò, wọ́n sì mú tiwa kúrò ní D sí C. Ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni a ti ń san lé láti ọjọ́ yìí wá! Ó lé ní 3,000 pọ́ùn. A jó díẹ̀ ní pálọ̀.

Ìgbà tí ijó tán ni a rántí ayálégbé wa. Láti 2009 dé 2015, obìnrin ará Gánà kan ni ó gbé ilé náà. Ní òfin, orúkọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà lọ́dọ̀ káńsù, ṣùgbọ́n àwa kò yí i padà. Ó ń kó owó orí fún wa pẹ̀lú owó ilé, àwa sì ń san án lórúkọ wa. Ó lé ní 800 pọ́ùn nínú owó yìí tí ó ti àpò rẹ̀ jáde.

Ọ̀kan nínú wa (ẹ má bèèrè èwo) ní ọ̀rọ̀ ti parí, orúkọ wa ni ó wà lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ gbèsè ni, ṣé obìnrin náà ni wọn ìbá mú? Àti pé láti oṣù kẹrin ọdún 2025, òfin ti gba àwọn káńsù láyè láti sọ owó orí ilé kejì di ìlọ́po méjì, tiwa sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí dí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye kan ṣoṣo ni a dá lé e, a bá gbà. Ṣùgbọ́n tíṣà kì í sọ ìwé nù. Nínú ìwé ìṣirò wa, ọ̀wọ́ méjì ni: owó ilé lọ́tọ̀, owó orí lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹrin lọ́dọọdún a ń sọ fún un pé káńsù ti fi kún un, ó sì ń fi kún un láìjiyàn. A kò lè pè é ní owó káńsù nígbà tí a ń gbà á, kí ó wá di owó wa nígbà tí ó ń padà bọ̀. Jákọ́bù pàápàá, nígbà tí owó padà wá lẹ́nu àpò àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e padà lọ, bóyá àṣìṣe ni.

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù ni pé ó kù díẹ̀ kí a dìde jẹ́rìí owó yìí ní ìjọ. Ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀. Obìnrin náà kò mọ̀ pé owó kankan wà, nítorí pé àwa nìkan ni a lè sọ fún un.

Ó ti kó lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ kò lọ mọ́. Ọmọbìnrin wa ti bèèrè dé ìjọ tí ó ń lọ, ẹnìkan sì ní àfàìmọ̀ kó má ti padà sí Kùmásí. Owó rẹ̀ wà ní báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù, a kò tíì sọ ọ́ di náírà. Ọ̀kan nínú wa ṣì ń bèèrè pé ọdún mélòó ni a ó fi dúró.