Ojú Àgbà Lọ́jà

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ẹ kíyè sí i: òwe yìí kò ní kí ìyá má gbé ọmọ lọ sọ́jà. Ojú àgbà ló ń béèrè. Lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà tí àwọn ọmọ wa ń ná.

Àwọn òbí ní Maiduguri ti rí ìgbà tí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì dédé tì pa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí ìjọba kéde pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí ba òpó tó ń gbé iná wọ̀lú jẹ́. Òkùnkùn wá gba ìlú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fóònù tí kò ní iná kò lè gba ọmọ lẹ́nu ìwé, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìtọ́ni ń tan ara rẹ̀ ni. Òkùnkùn kì í kọ́ ọmọ bí a ṣe ń sọ pé "ó tó".

Áàpù Family Link ti Google lè ti fóònù ọmọ pa ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo fara mọ́ ọn. Kí fóònù sì sun pálọ̀, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Iṣẹ́ tó le jù ni ká jókòó ti ọmọ, ká bi í pé: ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú géèmù yẹn? Baba tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì wà nínú WhatsApp (wọ́n pọ̀ o!), "ọ̀rẹ́ mi ni" lọmọ á fi dá a lóhùn, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ.